Ilé Àtijọ́ Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà: Ìfiwéra Ohun Tí Ẹ Lè Tún Ṣe Nínú Ilé àti Nínú Àgbàlá

Ẹni tó ra ilé àtijọ́ kò ra ògiri àti òrùlé nìkan. Ó ra gbogbo ìpinnu tí àwọn tó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti ṣe: ọ̀dà tí wọ́n kùn lé orí ọ̀dà, igi tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí kò ju ọ̀pá lásán lọ, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sí ibi tó yẹ kí omi òjò máa gbà wọlẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ yín, ojú á máa kán yín láti yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè kan ni mo fi wọn gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí: bí ohun tí ẹ yàn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé ó ṣeé dá padà? Ọ̀dà ṣeé tún kùn. Kápẹ́ẹ̀tì ṣeé ká kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó lo ogójì ọdún kó tó ga tó bó ṣe ga, bí ẹ bá gé e tán, kò sí owó tó lè rà á padà fún yín. Ohun tó ṣeé dá padà, ẹ fi ìgboyà ṣe é, kódà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí kò ṣeé dá padà, ẹ jẹ́ kó ní sùúrù dìgbà tí ẹ bá mọ ilé náà dáadáa.

Kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kó wọlé, àbí kí ẹ kọ́kọ́ máa gbé inú rẹ̀?

Ilé tó ṣófo rọrùn láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ó máa gbé kiri, eruku kò ní bà sórí aṣọ àti oúnjẹ, àwọn ọmọ kò sì ní máa fa òórùn ọ̀dà símú lóru. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ha ilẹ̀ onípákó, tàbí tó fẹ́ la ògiri láti fa wáyà tuntun, á fìyà jẹ ara rẹ̀ bó bá dúró dìgbà tó kó ẹrù wọlé tán.

Síbẹ̀, ilé tí ẹ kò tíì sùn nínú rẹ̀, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ kò mọ yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Ẹ kò mọ ibi tí omi ń dúró sí bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ẹ kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni gbogbo ìdílé yóò máa gbà, tí ti iwájú á sì wà ní títì. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún oṣù díẹ̀ sábà máa ń rí i pé yàrá tó fẹ́ wó ògiri rẹ̀ nítorí òkùnkùn kò nílò ju kí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó bo fèrèsé rẹ̀ lọ.

Èmi á pín iṣẹ́ náà sí méjì. Èyí tó ń tú eruku àti èyí tó wà nínú ògiri, ìyẹn òrùlé, wáyà iná, páìpù omi àti ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ ha, ẹ ṣe é nígbà tí ilé ṣófo. Èyí tó kan bí ẹ ṣe fẹ́ máa gbé, bíi wíwó ògiri, gbígbé ilé ìdáná síbòmíràn àti èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àgbàlá, ẹ jẹ́ kí ọdún kan yí po lórí rẹ̀. Ní ti ògiri, ẹ má wó èyíkéyìí láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti wò ó. Nínú ilé àtijọ́, ògiri tó dà bíi pé ó kàn pín yàrá sí méjì lè jẹ́ òun gan-an ló gbé àjà àti òrùlé ró.

Àbàwọ́n omi lára ògiri: kí ẹ kùn ún bò, àbí kí ẹ wá ibi tí omi ti ń bọ̀?

Lójú tèmi, kò yẹ kí èyí jẹ́ ìbéèrè rárá. Mo fi wọ́n wéra nítorí pé kíkùn bò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn. Ọ̀dà tí wọ́n ń tà pé ó ń dènà omi máa ń bo àbàwọ́n fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà yọ, nígbà mìíràn lókè ibi tí ẹ kùn gan-an. Owó ọ̀dà ti lọ, ògiri ṣì ń rin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi sábà ń gbà dé ara ògiri. Ó lè ti ilẹ̀ gòkè; èyí kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ó sì máa ń fi ìlà iyọ̀ funfun sílẹ̀ níbi tó dé. Ó lè ti òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, láti òrùlé tó ń jò, gọ́tà tó dí, tàbí etí fèrèsé tó sán. Èyí máa ń burú sí i lẹ́yìn òjò. Ó sì lè jẹ́ ooru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fúnra rẹ̀, tó ń di omi nígbà tó bá kan ògiri tó tutù. Ẹ ó rí irú èyí ní igun yàrá, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, àti nínú balùwẹ̀, níbi tí nǹkan dúdú ti ń hù lára ògiri.

Bí ẹ kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, ẹ mú ọ̀rá kan tó fẹ̀ tó ojú ìwé méjì, ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ibi tó ń rin kí afẹ́fẹ́ má baà ráàyè wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú tó kọ sí inú yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń fà á. Fèrèsé tó ń ṣí àti fáànù tó ń fa ooru jáde ni oògùn rẹ̀. Bí omi bá wà láàárín ọ̀rá àti ògiri, a jẹ́ pé inú ògiri ló ti ń bọ̀, kò sì sí ọ̀dà tó lè wò ó sàn.

Ibi tí iṣẹ́ inú ilé àti iṣẹ́ àgbàlá ti pàdé nìyí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọ̀kan láìronú nípa èkejì. Nínú àgbàlá tó ti pẹ́, ilẹ̀ máa ń ga díẹ̀díẹ̀. Ẹni kan da iyèpẹ̀ síbẹ̀ láti gbin òdòdó, ẹlòmíràn da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ewé jẹrà lé e lórí, títí ilẹ̀ ìta fi ga tó ilẹ̀ inú ilé. Ó yẹ kí iyèpẹ̀ ìta fi tó sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé, kí ó sì dà sẹ́yìn kúrò lára ògiri: ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé sábà ń lò ni kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ sílẹ̀ láàárín mítà 3 àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi ṣọ́bìrì kó iyèpẹ̀ tó fara ti ògiri kúrò, tí ẹ sì tún gọ́tà ṣe kí ó lè máa da omi jìnnà sí ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ ògiri ló máa gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní oṣù mélòó kan kó gbẹ tán kí ẹ tó kùn ún.

Ọ̀dà olómi, ọ̀dà olóròóró, tàbí láìmù

Ọ̀dà olómi, èyí tí wọ́n ń pè ní emulsion, máa ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Òórùn rẹ̀ kò le, omi lásán la fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Lítà kan lè kùn tó mítà 10 sí 12 níbùú lóròó lórí ògiri tó dán, ṣùgbọ́n ògiri àtijọ́ máa ń mu ọ̀dà, nítorí náà ẹ ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà olóròóró ní tirẹ̀ le bí ó bá gbẹ, ó ṣeé fi aṣọ nù, ó sì dára fún ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé àti ibi tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó gbẹ láàárín ìkùn kan sí èkejì, òórùn rẹ̀ le, funfun rẹ̀ sì máa ń pọ́n bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé.

Nǹkan tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kíkùn ọ̀dà olómi lé orí ọ̀dà olóròóró àtijọ́ láìṣe ohunkóhun sí i. Á lẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sìpírítì (methylated spirit) nu igun kan níbi tí kò hàn. Bí àwọ̀ bá bá òwú lọ, ọ̀dà olómi ni. Bí kò bá bá a lọ, olóròóró ni, ó sì nílò sáńpépà tútù àti práímà kí ẹ tó kun nǹkan mìíràn lé e. Mo ní sáńpépà tútù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni láìmù, ẹfun òkúta tí wọ́n sun nínú iná tí wọ́n sì pò mọ́ omi. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sìmẹ́ǹtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú kí irú sìmẹ́ǹtì yìí tó tàn kálẹ̀, láìmù tàbí amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n sì fi ń rẹ́ ògiri rẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń fa ọ̀rinrin wọlé ó sì ń tú u jáde padà. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ, tàbí tí ẹ fi ọ̀dà tó dà bí ọ̀rá bò ó, ọ̀rinrin á há sínú: ọ̀dà á wú, ìrẹ́ á já bọ́, bíríkì rírọ̀ á sì máa yìnrìn lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé yín bá jẹ́ irú èyí, láìmù tàbí ọ̀dà mìíràn tó ń jẹ́ kí ògiri mí ni kí ẹ yàn, kódà bí kò bá dán bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ògiri bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, ọ̀dà olómi tó dára ti tó.

Dídán tàbí àìdán pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ọ̀dà tó ń dán máa ń fi gbogbo wíwú àti sísán ògiri hàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ògiri àtijọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gún. Ọ̀dà tí kò dán ló máa bo àṣírí rẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ má fi káàdì kékeré inú ṣọ́ọ̀bù yàn án. Ẹ kùn ún sórí páálí ńlá, ẹ gbé e ti ògiri yàtọ̀ yàtọ̀, ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lábẹ́ iná lálẹ́. Àwọ̀ kan náà máa ń yí ojú padà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pépà ara ògiri? Ó lẹ́wà, ó sì ń bo àbùkù kéékèèké, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lò ó sí ògiri kan ṣoṣo tó gbẹ dáadáa, bí ó bá wù yín gan-an.

Ọ̀dà olójé àti asbestos: kí ẹ ha á, àbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá bí ọmọdé tàbí aboyún bá wà nínú ilé.

Wọ́n ti lo òjé nínú ọ̀dà fún ìgbà pípẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn òfin dé lẹ́yìn náà, ibòmíràn kò sì tíì dé rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù, eruku ọ̀dà tó ń bà sílẹ̀ àti sórí ohun ìṣeré sì ni ọ̀nà tó sábà ń gbà wọ inú wọn.

Èyí ló mú kí ìyàn náà yàtọ̀ sí bí ó ṣe rí lójú. Ó máa ń wù wá láti ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí ibi tuntun lè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà náà bá ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri tí kò bó, ewu kíkùn lé e kéré gan-an sí ti híha á. Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó ni ibi tí ọ̀dà ti ń bó àti ibi tí pákó ti ń ha pákó: etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ rẹ ẹ́ lómi, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀, kí àwọn ọmọ sì wà níbòmíràn títí tí ẹ ó fi parí. Àwọn ilé àyẹ̀wò wà tó lè yẹ ègé ọ̀dà wò fún yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti asbestos, òkúta olówùú tí wọ́n pò mọ́ ọ̀pọ̀ ohun ìkọ́lé, tún rọrùn láti pinnu. Ó lè wà nínú páànù òrùlé aláwọ̀ eérú, pátákó àjà, àti táìlì ilẹ̀ oníke tó ti pẹ́ pẹ̀lú àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó dára kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ayùn rẹ́ ẹ, tí ẹ lu ú, tàbí tí ẹ fọ́ ọ, òwú rẹ̀ tí ojú kò lè rí á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo oríṣi rẹ̀ ní 1999. Bí ó bá di dandan kó kúrò, ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ni kó kó o.

Ilẹ̀ ilé: kí ẹ tún ti àtijọ́ ṣe, àbí kí ẹ bò ó?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè ní igun yàrá. Ó lè jẹ́ pákó tó le ni wọ́n bò mọ́lẹ̀, tàbí terrazzo, àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì àti ègé òkúta mábù tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ títí tó fi dán. Méjèèjì ṣeé jí dìde. Terrazzo tó ti ṣú, tí ọ̀dà ta sí, á tún dán bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lé e, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Pákó tó nípọn ṣeé ha ní ìgbà mélòó kan láyé rẹ̀, nítorí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti nípọn tó kí ẹ tó gba oníṣẹ́.

Táìlì rọrùn láti fọ̀, omi kì í ràn án, ó sì dára fún balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ilẹ̀ àtijọ́, ilẹ̀ á ga sí i, ẹ ó ní láti gé ìsàlẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà yàrá kan á sì ga ju èkejì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ rí terrazzo tó wà lábẹ́ rẹ̀, òòlù ló máa fi wá a. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ táìlì lé táìlì, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn nǹkan líle lu ti àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ihò kò lè gbé òmíràn.

Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ohun tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò tíì lówó láti tún ilẹ̀ ṣe dáadáa: ilẹ̀ oníke tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi etí kọ́ra láìlo àtè. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó tú u kúrò, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì wà bí ó ṣe wà. Kápẹ́ẹ̀tì náà ṣeé ká, àmọ́ ó ń gbé eruku àti ọ̀rinrin pamọ́, kò sì yẹ yàrá ìsàlẹ̀ tó máa ń rin.

Fèrèsé àti ilẹ̀kùn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Pákó férémù àtijọ́ sábà jẹ́ ti igi tó dàgbà jẹ́jẹ́, ó sì máa ń le ju ọ̀pọ̀ pákó tí wọ́n ń tà nísinsìnyí lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi ń dúró ló máa ń jẹrà, káfíńtà tó mọṣẹ́ sì lè gé ibẹ̀ kí ó fi pákó tuntun rọ́pò rẹ̀. Férémù alumíníọ́mù tàbí oníke kò nílò ọ̀dà, ó sì ń dènà ariwo àti atẹ́gùn, pàápàá tó bá ní gíláàsì méjì. Bí ìdè tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì bá já, ìkùukùu á máa há sínú rẹ̀, odidi gíláàsì sì ni ẹ ó pààrọ̀. Bí ikán bá ti jẹ férémù tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ tún un ṣe.

Àgbàlá: kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, àbí kí ẹ dúró wò ó?

Àgbàlá tó ti di igbó máa ń múni bínú, ó sì rọrùn láti pe ẹni tó ní ẹ̀rọ kó wá kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ó rí bí ilẹ̀ ṣe tẹ́, ẹ ó rí ihò àti páìpù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun tí ẹ ó pàdánù pọ̀ jù ú lọ. Ewéko mìíràn wà tó máa ń kú sílẹ̀ fún apá kan nínú ọdún, tí iṣu rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Gbòǹgbò ló ń di iyèpẹ̀ mú. Bí gbogbo rẹ̀ bá kúrò lẹ́ẹ̀kan, òjò ńlá kan lè wọ́ iyèpẹ̀ tó dára jù lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ kí ẹ mú ohun tó léwu nìkan kúrò: ẹ̀ka tó ti kú, ìtàkùn tó ń fa gọ́tà ya, igbó tó fara ti ògiri. Ìyókù, ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù.

Igi ńlá ni ìpinnu tó wúwo jù. Igi tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ ooru ọ̀sán. Igi tó sún mọ́ ilé jù lè da ewé sí gọ́tà, gbòǹgbò irú bí wílò, pọ́púlà àti ọ̀pọ̀tọ́ sì máa ń wá páìpù ìdọ̀tí tó sán kiri. Lórí ilẹ̀ amọ̀, ọ̀rọ̀ náà díjú: igi ń mu omi ilẹ̀, amọ̀ á sì sún kì, ìpìlẹ̀ á rì díẹ̀, bí ẹ bá gé igi náà, amọ̀ á mu omi padà, á wú, á sì ti ìpìlẹ̀ sókè. Nítorí náà, kí ẹ tó gé igi ńlá tó wà nítòsí ilé, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ igi àti ẹni tó mọ ìpìlẹ̀.

Láàárín gígé igi kúrò àti fífi í sílẹ̀, ọ̀nà kẹta wà: kí wọ́n yọ àwọn ẹ̀ka kan láti ìdí wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ẹ má gbà kí wọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí máa ń hu ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí kò dì mọ́ ara igi dáadáa, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á sì máa jẹrà. Ẹ má sì dà iyèpẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì lé gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi kò jìnnà sísàlẹ̀, ó sì nà kọjá ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ dé. Bí wọ́n bá bò ó, igi náà kì í kú lọ́jọ́ kan. Ọdún mélòó kan ni yóò fi máa gbẹ, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ìdí rẹ̀.

Koríko, ewéko tó ń bo ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́, ìntálọ́ọ̀kì

Koríko dára fún ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ara rẹ̀ tutù, omi òjò sì ń wọ ilẹ̀ gba inú rẹ̀. Ó ń béèrè omi àti gígé, kì í sì í hù dáadáa lábẹ́ igi tí ibòji rẹ̀ ki. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí oòrùn má baà jó o.

Ewéko tó ń fà nílẹ̀ máa ń lọ́ra. Ó lè gba ọdún kan tàbí méjì kó tó bo ilẹ̀, ẹ ó sì máa tu èpò láàárín ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù. Abẹ́ igi àti ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo máa gbìn ín sí.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kó le jẹ́ ọ̀nà tó yá láti bo ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ lọ, ó sì ṣeé kó kúrò. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ń dá èpò ìsàlẹ̀ dúró, kò sì dá ti òkè dúró, nítorí pé ewé tó bọ́ sórí rẹ̀ máa ń di iyèpẹ̀ tí irúgbìn á hù sí.

Fún ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ìfiwéra gidi wà láàárín ìntálọ́ọ̀kì àti sìmẹ́ǹtì dídà. Ìntálọ́ọ̀kì wà lórí iyanrìn. Bí páìpù bá bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó tún páìpù ṣe, ẹ ó sì tò ó padà. Sìmẹ́ǹtì dídà tẹ́jú, èpò kì í gba inú rẹ̀, àmọ́ bí gbòǹgbò tàbí amọ̀ bá gbé e, á sán, fífọ́ sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo láti tún un ṣe. Nínú ilé tí ẹ kò tíì mọ ibi tí gbogbo páìpù rẹ̀ gbà, ìntálọ́ọ̀kì ni kí ẹ yàn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kó dà kúrò lára ògiri, ẹ má sì bo ojú ìdérí ṣọ́kàwéè.

Ọgbà ewéko, ìyẹn ewéko tí wọ́n gbìn tò bí ògiri, tàbí ògiri ọgbà? Ògiri ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ọgbà ewéko lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì nílò gígé títí ayé, àmọ́ ó ń sẹ́ atẹ́gùn kó rọ̀, nígbà tí atẹ́gùn tó bá kọ lu ògiri máa ń fò ó tí á sì máa yí ní ìhà kejì. Ẹ lè kọ́ ọgbà fúyẹ́ kí ẹ sì gbin ewéko síwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbin igi tuntun, ẹ béèrè bí yóò ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá dàgbà, ẹ fi ju ìdajì ìbú yẹn jìnnà sí ògiri. Kí ihò jìn tó gbòǹgbò rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi bo ilẹ̀ yí i ká, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kó má sì kan ara igi. Ẹ̀fọ́, ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, nítorí òjé lè wà nínú iyèpẹ̀ ibẹ̀. Ẹ kan àpótí gíga, ẹ kó iyèpẹ̀ mìíràn sí i, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ògiri náà.

Kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, àbí kí ẹ gba oníṣẹ́?

Kíkun yàrá, gbígbin nǹkan, títẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kíkó iyèpẹ̀ kúrò lára ògiri: ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ ó sì mọ ilé náà sí i. Iná mànàmáná, ògiri tó gbé ẹrù, asbestos, igi ńlá àti òrùlé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ṣẹ́.

Òkè ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: òrùlé àti gọ́tà, lẹ́yìn náà dída omi àgbàlá, wáyà àti páìpù, ìrẹ́, àjà, ọ̀dà, kí ilẹ̀ sì gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá tó ń kó yanrìn ti wọlé, kó sì ti jáde tán kí ẹ tó tẹ́ ìntálọ́ọ̀kì, ẹ sì kun ògiri ìta kí ẹ tó gbin nǹkan sí iwájú rẹ̀. Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ tí kò sí nínú ìṣirò, ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ilé àtijọ́ kì í ṣí ògiri láìfi nǹkan hàn.

Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri tí wọ́n la, ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà àti páìpù inú rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n tí ẹ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọ̀ ọ̀dà yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ya àwòrán ibi tí ṣọ́kàwéè àti páìpù ìdọ̀tí gbà nínú àgbàlá, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilé.